Ẹni Tí Ń Din Ẹran àti Ẹni Tí Ń Kọ́ Ọmọ: Ta Ni A Ń Dán Wò?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe yìí kì í ṣe tuntun létí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ohun tí n kò gbọ́ kí àwọn ènìyàn máa bèèrè ni èyí: ẹni tí a gbé ọmọ fún pé kí ó kọ́ ńkọ́, ta ni ó kọ́ òun náà?

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí lọ́kàn. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n sọ fún mi nínú ìjọ wa pé kí n bá wọn kọ́ àwọn ọmọdé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí pé ẹni tí ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ ti rìnrìn-àjò. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo ti kọ́ ọmọdé rí. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo mọ ẹ̀kọ́ náà. Inú ọkọ̀ ni mo ti ṣí ìwé wò. Nígbà tí mo dé iwájú wọn, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́jọ lọ na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni Kéènì ti rí ìyàwó tó fẹ́?" N kò mọ̀ ọ́n. Ojú sì ń tì mí láti sọ pé n kò mọ̀ ọ́n. Mo ní ará ìlú kejì ni ìyàwó náà. Ọmọ náà kò jiyàn. Ó tẹ orí ba, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Nígbà tí a jáde, mo yà sí ọ̀kan nínú àwọn ilé oúnjẹ ìgbàlódé tó wà lójú títì láti ra mítípáì. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn lẹ́ àkọlé mọ́ àyà pé òun ṣì ń kọ́ṣẹ́. Obìnrin kan tó jù ú lọ dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ka ṣéńjì mi lójú mi lẹ́ẹ̀mejì. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ọ̀gá yìí wo aago, ó gbé ànàmọ́ díndín tó wà nínú àwo kan, ó dà á nù. Mo bi í léèrè ohun tó ṣe é. Ó ní kò ṣe nǹkan kan, àkókò tí ó yẹ kí wọ́n fi tà á ni ó ti kọjá. Ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ náà sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni òun fi wo iṣẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí òun fọwọ́ kan ìkòkò epo, wọ́n sì ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ òun wò ní ilé ìwòsàn kí òun tó bẹ̀rẹ̀.

Mo dúró sí ẹ̀bá títì, mítípáì wà lọ́wọ́ mi, n kò lè jẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tí yóò din ànàmọ́. Fún èmi tí wọ́n ní kí n sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún ọmọdé, òru ọjọ́ kan.

BÍ ALÁSÈ ṢE Ń MỌ IṢẸ́

Ẹ má ṣe rò pé àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ gbọ́n jù wá lọ ni. Púpọ̀ nínú wọn kò ju ọmọ ilé-ìwé girama lọ, ẹlòmíràn sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa tí ń wá owó ìwé. Ètò tí a ṣe yí wọn ká ni ó jẹ́ kí wọ́n mọ iṣẹ́. Ní ọdún 1986 ni ilé-iṣẹ́ UAC ṣí Mr Bigg's àkọ́kọ́ sí Marina ní Èkó. Nígbà tó yá, Sweet Sensation, Tantalizers àti àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Kí irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ tó lè wà ní ìlú mẹ́wàá, ohun kan pọn dandan: mítípáì tí a jẹ ní Ìbàdàn kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a jẹ ní Benin. Nítorí náà, wọ́n ń fi òṣùwọ̀n wọn ìyẹ̀fun, wọ́n ń fi aago ka ìṣẹ́jú tí ẹran yóò lò nínú epo, wọ́n sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó bá dé lónìí lè ṣe é bí ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún márùn-ún. Ní Amẹ́ríkà, McDonald's tilẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Illinois ní ọdún 1961, wọ́n pè é ní Hamburger University. Àwọn kan fi orúkọ náà ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ fún wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ti ìjọba. Àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti wọ ilé ìdáná, kí wọ́n béèrè ìwé àyẹ̀wò ara àwọn alásè. Lẹ́yìn ti ìjọba ni ti oníbàárà, èyí sì ni ó le jù lọ. Bí ẹran bá ti kan, inú yóò run wá kí ilẹ̀ tó ṣú, a ó sì padà lọ pariwo. Àṣìṣe alásè kì í pẹ́ hàn.

ÌDÍ TÍ TI OLÙKỌ́ Ẹ̀SÌN FI YÀTỌ̀

Àṣìṣe olùkọ́ ẹ̀sìn ńkọ́? Ó lè tó ọdún mẹ́wàá kí ó tó hàn, nígbà náà ẹni tó ṣe é ti lọ.

Ní ilé wa, ìmọ̀le ni bàbá mi, onígbàgbọ́ ni ìyá mi, nítorí náà mo mọ ìhà méjèèjì. Àbúrò mi kan lo ọdún mẹ́rin ní ilé kéwú ní ìlú wa. Bí ó bá ń ké sùúrà kúkurú, inú gbogbo wa a máa dùn. Ní ọjọ́ kan, bàbá wa ṣí ibi tí wọn kò tíì kọ́ wọn, ó ní kí ó kà á. Ọmọ náà wo ìwé títí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò dá lẹ́tà mọ̀. Gbogbo ohun tó ń ké, etí ló fi gbà á bí odídẹrẹ́. Bàbá mi kò na ọmọ. Ó lọ sí ilé kéwú náà lọ́jọ́ kejì, ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan níwájú ọ̀pọ̀ ọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ni òun náà, kò tíì kà dé ìdajì. Áfáà ti lọ sí òde ìsọmọlórúkọ.

Kí a tó dá áfáà lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a bèèrè ohun tí ó ń jẹ. Owó Àlàrùbá tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń mú wá lọ́sẹ̀ kò tó ra gàárì. Òde ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú àti wólímọ̀tù ni ó ti ń rí owó tí ó fi ń bọ́ ilé. Bí ó bá jókòó ti àwọn ọmọ, ebi yóò pa á; bí ó bá jáde lọ, àwọn ọmọ ni ebi ìmọ̀ yóò pa. Bákan náà ni olùkọ́ ilé-ìwé Ọjọ́ Ìsinmi: ọ̀fẹ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, ta ni yóò sì bá ẹni tí ń ṣe ọ̀fẹ́ wí? A ní Ọlọ́run ni yóò san án fún un. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a ti sọ gbólóhùn náà di ọ̀nà tí a kò fi ní san ohunkóhun, tí a kò sì fi ní bèèrè ohunkóhun.

Ìdí kan tún wà tí a kì í fẹ́ dárúkọ. Ẹ̀rù ń bà wá. Bí mo bá ní mítípáì tutù, mítípáì ni mo bá wí. Bí mo bá ní olùkọ́ ẹ̀sìn kò mọ iṣẹ́, àwọn kan yóò ní ẹ̀sìn ni mo bá wí. Nítorí náà a ń dákẹ́. Ibi tí a bá dákẹ́ sí, nǹkan burúkú lè fara pamọ́ síbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní ibì kan ní Òjòó, ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń pè ní ibi ìtọ́jú àti ìkọ́ni ní ẹ̀sìn. Inú ìgbèkùn ni wọ́n bá wọn. Irú èyí kò wọ́pọ̀, kì í sì í ṣe ìwà àwọn áfáà wa. Ṣùgbọ́n búkà tó wà ní Uselu, wolé-wolé lè wọ ibẹ̀ lọ́la. Ta ni ń wọ irú ilé bẹ́ẹ̀?

KÒ RÍ BẸ́Ẹ̀ LÁTI ÌBẸ̀RẸ̀

Ẹni tó bá rò pé bí ẹ̀sìn ṣe rí nìyí, kò mọ ìtàn wa. Àwọn ìjọ ni wọ́n kọ́kọ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ láàárín wa. Ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ti CMS fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́ ní ọdún 1896, òun ni St Andrew's tí D. O. Fágúnwà ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá Wesley College sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1905. Tíṣà tó bá jáde níbẹ̀ a máa kọ́ ọmọ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, a sì tún lè wàásù ní ọjọ́ Ìsinmi. Kò sí ẹni tó ń gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ ní alẹ́ Sátidé.

Ní ti àwọn Mùsùlùmí, Sheikh Adam Abdullah al-Ilori dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Ó pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí kíláàsì, ó gbé pátákó ìkọ̀wé dúró, ó ṣe ìdánwò, ó sì fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Àwọn kan bínú sí i nígbà náà pé ó ń sọ kéwú di ìwé òyìnbó. Lónìí, àwọn tó jáde láti ọwọ́ rẹ̀ àti láti ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kún ilẹ̀ Yorùbá.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, ẹ wo àwọn babaláwo. Ọmọ awo a máa sin ọ̀gá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Yóò kọ́ Odù, yóò kọ́ ewé, yóò máa tẹ̀ lé ọ̀gá lọ sí òde. Àwọn àgbà awo yóò sì dán an wò kí ó tó dá dúró. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní orúkọ ohun tó ga ju òun lọ, ó yẹ kí a dán an wò ju ẹnikẹ́ni lọ.

Kí ló wá dé? Apá kan rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ pọ̀ ju àwọn olùkọ́ lọ. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní ọdún 1955, tí Benin pàápàá ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn, iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ ni wọ́n gbà kí àyè lè kún. Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ni ó dé bá ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn bí ìjọ àti ilé kéwú ṣe ń pọ̀ sí i ní gbogbo àdúgbò. Ẹnikẹ́ni tó bá lè dúró níwájú ti di olùkọ́. Ti ilé-ìwé ìjọba náà kò ṣàìní àbùkù tirẹ̀. Ní Benin níbí, ní ọdún 2013, nígbà tí gómìnà ń yẹ ìwé àwọn olùkọ́ wò, olùkọ́ kan kò lè ka ìwé ìbúra ọjọ́ orí tó mú wá fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé nítorí pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ni a fi mọ̀.

OLÙKỌ́ KÌ Í ṢE ÌKÒKÒ EPO

Ẹnìkan lè ní: ṣé kí a wá máa fi aago ka ìṣẹ́jú fún áfáà àti pásítọ̀ ni? Rárá o. Ibi tí ilé oúnjẹ ti lè ràn wá lọ́wọ́ ní ààlà. Láti ọdún 2018 ni ìjọba Ẹ̀dó ti bẹ̀rẹ̀ ètò EdoBEST ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n fún olùkọ́ ní ẹ̀rọ tí a kọ ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ sí, bí ẹni kọ ìlànà oúnjẹ sára ògiri. Ó ran olùkọ́ tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ànàmọ́ kì í na ọwọ́ sókè bèèrè ìyàwó Kéènì. Ọmọ ni ó ń bèèrè, ìwé ìlànà kò sì lè dá gbogbo ìbéèrè lóhùn. Ohun tí olùkọ́ nílò níbẹ̀ ni ìmọ̀ tó jinlẹ̀, àti ìgboyà láti sọ pé, "N kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n ó lọ wádìí rẹ̀."

Ohun tó yẹ kí a yá lọ́wọ́ ilé oúnjẹ kò pọ̀. Kí ẹni tuntun kọ́kọ́ wo iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kí ẹnìkan jókòó sẹ́yìn nígbà mìíràn láti gbọ́ ohun tó ń sọ. Kí àwọn òbí máa ṣí ibi tí ọmọ kò tíì kà, bí bàbá mi ti ṣe, kí wọ́n má jẹ́ kí orin kíké tàn wọ́n. Kí a sì san owó tí áfáà yóò fi lè jókòó.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Ugbowo ju bí a ti rò lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń kọ́ ọmọdé nínú ìjọ tàbí nínú ẹgbẹ́ Mùsùlùmí, bí a bá sì dé ibi ìsìnrú ìlú, wọn yóò tún gbé ọmọ ọlọ́mọ lé wa lọ́wọ́. Kí a tó gbà á, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ni ó kọ́ mi?

Ní ti èmi, mo padà lọ ní ọjọ́ Ìsinmi kejì. Mo ti bi àgbàlagbà kan nínú ìjọ, mo sì ti kà á fúnra mi. Mo pe ọmọkùnrin náà, mo ní ohun tí mo sọ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kàn sọ ọ́ ni, kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí. Mo ṣe àlàyé fún un pé ìwé náà kò sọ ibi tí obìnrin náà ti wá, mo sì sọ ohun tí àwọn tó mọ̀ jù mí lọ rò nípa rẹ̀. Ó wò mí, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fa ilà gba orí ohun tó kọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo ìyókù tí ẹ sọ lọ́jọ́ náà, òótọ́ ni?"

Mo ní kí a jọ jókòó, kí a yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.