Fọ́, Dá, Já: Kíkọ́ Àwọn Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà “Break” ní Kíláàsì Yorùbá

A kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan sójú pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n wà ní ọdún kejì sẹ́kọ́ńdírì kékeré, pé kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá: “The rope broke and the boy broke his arm.” Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kọ ọ́ báyìí: ‘Okùn náà fọ́, ọmọkùnrin náà sì fọ́ apá rẹ̀.’ Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì sí èdè wa. Bí okùn kànga bá já mọ́ wọn lọ́wọ́ nílé, wọn kò jẹ́ wí fún ìyá wọn láéláé pé okùn fọ́. Nígbà tí a wádìí, ohun tí a rí ni pé láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ sórí pé “break” ni fọ́, fọ́ náà sì ni “break”. Ìgbà tí wọ́n bá ti rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ní ìwé, Yorùbá tí wọ́n bá wá láti ilé a fò lọ.

Bí a bá wo èdè Yorùbá fínnífínní, a ó rí i pé irú nǹkan tí ọ̀ràn kàn, àti ọ̀nà tí ó gbà pín yẹ́lẹ́yẹ̀lẹ tàbí sí méjì, ni ó ń yan ọ̀rọ̀-ìṣe fún wa. Nǹkan líle tí ó máa ń di wẹ́wẹ́, bí ìkòkò, àwo, ẹyin àti gíláàsì, fífọ́ ni í fọ́. Nǹkan gígùn tí ó le, bí igi tàbí ọ̀pá, a máa dá tàbí kí ó ṣẹ́. Èyí tí ó gùn ṣùgbọ́n tí ó rọ̀, tí a fà títí agbára rẹ̀ fi pin, bí okùn, òwú àti awọ bàtà, jíjá ni í já. Búrẹ́dì ńkọ́? Bíbù ni, nítorí pé a mú díẹ̀ kúrò lára odidi. Obì àti ekùrọ́, pípa ni à ń pa wọ́n. Gbogbo èyí ni Gẹ̀ẹ́sì lè fi “break” sọ, yàtọ̀ sí aṣọ àti ìwé tí ó ya, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì náà ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún ìyẹn.

Kì í ṣe èdè wa nìkan ni ọ̀ràn yìí kàn. Ní 2007, Asifa Majid, Melissa Bowerman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí èdè 28, èdè Ewe ti Tógò àti Gánà sì wà lára wọn. Fídíò kan náà ni wọ́n fi han àwọn tí ń sọ àwọn èdè náà, ti ènìyàn tí ń gé nǹkan, tí ń fọ́ nǹkan, tí ń dá nǹkan, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Iye ọ̀rọ̀-ìṣe tí èdè kọ̀ọ̀kan ní yàtọ̀ síra wọn púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi ń ṣe ìpínyà jọra.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí apá ọmọkùnrin yẹn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ náà ni olùwà, apá rẹ̀ ni àbọ̀, bí ẹni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bí a bá sọ ní Yorùbá pé ‘ó dá apá rẹ̀’, ẹni tí ó gbọ́ yóò béèrè pé kí ni ó bí i nínú tó bẹ́ẹ̀. ‘Ó kán lápá’ ni à ń wí. Nítorí náà, yíyan ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan kò tó. Ìhun gbólóhùn pàápàá ń yí padà.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tọ̀nà níbì kan sì lè ṣi ni lọ́nà níbòmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti mọ̀ pé igi a máa dá kọ ‘dá obì’ fún pípa obì níbi ìgbéyàwó. Ó sọ àlejò di ẹni tí ń bi òrìṣà léèrè ọ̀rọ̀. Òmíràn túmọ̀ “His heart broke” sí ‘Ọkàn rẹ̀ já’. Ẹ̀rù ni ìyẹn, kì í ṣe ìbànújẹ́. ‘Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́’ ni ì bá kọ.

Ní ti ohun tí a kò lè fọwọ́ kàn, a kò níí gùn ún jù: òfin ni à ń rú, àdéhùn ni à ń yẹ̀, ogun a bẹ́ sílẹ̀, ilẹ̀ a mọ́, aláàwẹ̀ a ṣínu. Bí mọ́tò bá sì dákẹ́ lójú ọ̀nà, ó bàjẹ́ ni. (Bíréèkì tí awakọ̀ ń tẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é ni ó jọra, àkọtọ́ rẹ̀ yàtọ̀.)

Àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà ń jìyà àṣìṣe kan náà láti ìhà kejì. Ọmọ tí ó gbà pé fọ́ nìkan ni “break” kò ní gbà pé okùn lè “break”. Yóò wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún já, yóò sì kọ “The rope cut” tàbí “My slippers have cut”. Olùkọ́ a fa ìlà pupa sí i, kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún un. Àwa olùkọ́ Yorùbá ni a mọ ibi tí “cut” yẹn ti wá. Ní àwọn ìlú ńlá, a tún ń gbọ́ kí ọmọ wí pé òun ti ‘break’ okùn, òun ti ‘break’ igi. Bí ìyẹn bá pẹ́, já àti ṣẹ́ yóò di ọ̀rọ̀ àgbà.

Ohun tí àwa ń ṣe báyìí kò ní ìnáwó. A kó àpáàdì, ẹ̀ka igi gbígbẹ, òwú, búrẹ́dì àti obì wá sí kíláàsì. Ọmọ kan yóò fọ́ èyí, yóò já tọ̀hún, àwọn yòókù yóò sọ ohun tí ó ṣe ní Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni a tó kọ “break” sójú pátákó, tí a fa ìlà láti ara rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan, tí a sì kọ orúkọ nǹkan tí ó bá a rìn sí i nídìí. A kì í jẹ́ kí wọ́n da ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan kọ. ‘Já okùn’ ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe ‘já’.

Ní ìgbà ìkẹyìn tí a ṣe é, ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń tajà ní ọjà nawọ́ sókè pé a kò tíì kọ ‘ṣẹ́ owó’. Àwa fúnra wa kò rò ó. Bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì náà ń fi “break” sọ pé kí a bá ni pín owó ńlá sí kéékèèké. A fa ìlà kan sí i.