Ìdọ̀tí tó ń kó jọ sẹ́yìn ojú àgbà: ohun tó yẹ kí àwa ará Jos mọ̀

Ẹ̀sùn kan wà tó máa ń da àárín àgbà àti ọmọdé rú láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Jos níbí. "Mo kí màmá, màmá wò mí lójú kòrókòró, kò dáhùn." Wọ́n á ní ìgbéraga ni, àbí pé màmá ń bá ìyá ọmọ náà jà. Màmá yìí kan náà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọjà láìkọsẹ̀, tó tún rí náírà tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀. Wọ́n á wá bi í pé, ta ló ń tàn jẹ?

Kò tan ẹnikẹ́ni jẹ o. Àrùn kan wà tó jẹ́ pé àárín gbùngbùn ìríran ló máa ń jẹ, á sì fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní in lè rí ilẹ̀, kó rí ògiri, kó rí ẹni tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún, ṣùgbọ́n bó bá kọjú sí èèyàn gan-an, ibi tí ojú ẹni náà wà á ṣú tàbí kó wọ́. Àwọn dókítà ojú ń pè é ní AMD, ìyẹn ni bíbàjẹ́ mákúlà nítorí ọjọ́ orí. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló sábà máa ń mú.

Mákúlà yìí jẹ́ ibi kékeré kan láàárín rẹ́tínà, awọ tó tẹ́ ẹ̀yìn ẹyinjú. Kò fẹ̀ tó mílímítà 6. Síbẹ̀ òun la fi ń kàwé, òun la fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, òun la fi ń dá èèyàn mọ̀.

Báwo ló ṣe ń bàjẹ́? Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ́tínà máa ń bó ṣónṣó orí wọn dànù lójoojúmọ́, wọ́n á sì hu tuntun. Ìpele sẹ́ẹ̀lì kan wà lábẹ́ wọn tó dà bí agbálẹ̀: á gbé èyí tó bó mì, á dà á nínú ara rẹ̀, á wá ti ìdọ̀tí tó ṣẹ́kù sísàlẹ̀. Ìdọ̀tí náà gbọ́dọ̀ gba inú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó máa kó o lọ. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni kí ẹ fi wé aṣọ tí ìyá ológì fi ń sẹ́ ògì. Nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, omi ń dà wálẹ̀ wàrà. Bó bá ti lò ó fún ọdún mélòó kan tí ẹ̀rí ti dí ojú rẹ̀, ńṣe ni omi á máa kán tó, tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rá ṣe ń lẹ̀ mọ́ awọ inú ojú bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, tó fi ń nípọn. Ìdọ̀tí kò rí ọ̀nà kọjá mọ́, ọ̀rá àti purotéènì á wá dì pọ̀ sórí awọ náà ní kóró kóró, aláwọ̀ ìyeyè. Kóró wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní drusen.

Ọ̀rọ̀ Jámánì ni drusen, ẹ̀yin ará Bukuru á sì fẹ́ràn ibi tó ti wá. Àwọn awakùsà ilẹ̀ Jámánì ló ń lò ó fún ihò inú àpáta tí òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán hù sí. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá àwọn òyìnbó wa kuza rí lórí òkè yìí lè mọ irú òkúta bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fòyà jù. Kóró kékeré kan tàbí méjì lẹ́yìn ojú ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún kì í ṣe àrùn; bí irun ṣe ń funfun ni. Bí wọ́n ṣe tóbi tó ni dókítà ń wò. Èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún mílímítà kan, wọn kì í kà á sí nǹkan. Láti ibẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́jọ, àrùn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ní in kì í sábà mọ nǹkan kan lára. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ló ń mú ọkàn dókítà má lélẹ̀, pàápàá bí àwọ̀ ibẹ̀ bá tún ti ń yí padà. Ẹni tí kóró ńlá àti àyípadà àwọ̀ bá wà ní ojú rẹ̀ méjèèjì, nínú 100 irú rẹ̀, nǹkan bí 50 ni àrùn yìí máa dé ìpele tó le fún láàárín ọdún márùn-ún. Ẹni tí kò ní ìkankan nínú méjèèjì, kò pé ẹyọ kan nínú 100.

Ọ̀nà méjì ló máa ń gbà le. Èkíní jẹ́ gbígbẹ: àwọn sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ á kú díẹ̀díẹ̀, èyí tó ń gba ìmọ́lẹ̀ á tẹ̀lé wọn, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà míì, kóró náà á parẹ́ kí ibẹ̀ tó kú, nítorí náà pípòórá wọn kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Èkejì jẹ́ olómi: iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun á hù láti ìsàlẹ̀, á sì máa jò. Èyí kì í dúró. Láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó lè ba àárín ojú jẹ́. Òun ló kéré jù nínú méjèèjì, òun náà ló sì ní ìtọ́jú tó dáa jù: abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún sínú ojú, bíi bevacizumab tàbí ranibizumab, tí wọ́n á máa tún gún. Fún ti gbígbẹ, abẹ́rẹ́ méjì ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023. Wọ́n ń fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, wọn kì í dá èyí tó ti lọ padà.

Ewu tó ń kọ wá lóminú jù ní apá Àríwá níbí nìyí. Bí àgbà bá ti ní ojú òun ṣú, kíá ni wọ́n á ní kátáráàtì ni, èyí tí Hausa ń pè ní yanar ido, wọ́n á sì ké sí oníabẹ́rẹ́ tó ń kiri ilé dé ilé. Ìwádìí ojú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú àwọn ojú tí wọ́n ti fọwọ́ kàn nítorí kátáráàtì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó jẹ́ pé irú àwọn èèyàn yìí ló gún un. Ẹni tó jẹ́ mákúlà ló ń dà á láàmú, tí wọ́n wá ti abẹ́rẹ́ bọ iwájú ojú rẹ̀, ti pàdánù ẹ̀gbẹ́ tó kù fún un. Kì í sì í ṣe àrùn ojú tí kòkòrò etí odò ń fà, èyí tí wọ́n pín oògùn Mectizan fún káàkiri Plateau. Kì í ṣe àjẹ́ ìyàwó ilé náà. Òótọ́ ni pé AMD kò wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú tó ti òyìnbó, àmọ́ àwọn dókítà wa ń rí i.

Sìgá ni ohun tó burú jù fún un nínú ohun tó wà níkàáwọ́ wa. Ní ti oúnjẹ, a ò ní ṣàwáwí: ẹ̀fọ́ tútù kò wọ́n wa ní Jos, pupa ẹyin àti àgbàdo aláwọ̀ ìyeyè náà wà. Ní ti kápúsù tí wọ́n ń pè ní AREDS2, ẹni tí kóró ńlá bá ti wà lójú rẹ̀ ló wúlò fún. Ó ń dín ewu kí àrùn náà le kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹni tí kò ní in ń fowó ṣòfò ni. Kí ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó mu ún rí má sì gba èyí tí beta-carotene wà nínú rẹ̀, ó lè dá kún ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Nílé, ẹ ní kí àgbà fọwọ́ bo ojú kan, kó fi èkejì wo irin wíńdò. Kó tún fi ojú kejì ṣe é. Bí irin tó tọ́ bá wọ́, tàbí ihò bá wà láàárín rẹ̀, kó má dúró de ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ojú ní JUTH ní Lamingo tàbí ọ̀dọ̀ dókítà ojú míì tó kúnjú òṣùwọ̀n, kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kán oògùn tó ń la ọmọlójú sí i kí wọ́n tó lè wo ẹ̀yìn, ìmọ́lẹ̀ á sì máa ta á lójú fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà. Kí ẹnìkan bá a lọ, kí wọ́n mú fìlà tàbí ìborùn dání, kó má sì fúnra rẹ̀ wa mọ́tò padà wálé.