Ìjọ Kọ́ríńtì àti Oúnjẹ Àjẹpọ̀

Ní ọdún 146 ṣáájú ìbí Olúwa wa, ogun Róòmù pa ìlú Kọ́ríńtì run. Ní nǹkan bí 100 ọdún lẹ́yìn náà, Julius Caesar pàṣẹ pé kí a tún un tẹ̀ dó, púpọ̀ nínú àwọn tí a kó lọ síbẹ̀ sì jẹ́ ẹrú tí a ti dá sílẹ̀. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ipò àti orúkọ ni olúkúlùkù ń lépa.

Ìwà yìí bá àwọn onígbàgbọ́ wọ inú ìjọ tí Pọ́ọ̀lù dá sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ní ti Pọ́ọ̀lù ni àwọn, àwọn mìíràn ní ti Àpólò tàbí ti Kéfà. Èyí tí ó burú jù ni pé níbi oúnjẹ Olúwa gan-an, ẹni tí ó ní a ti jẹ, a ti mu yó, nígbà tí ebi ń pa ẹni tí kò ní.

Kí ni Pọ́ọ̀lù ṣe? Kò sọ pé kí Júù di Gíríìkì, tàbí kí Gíríìkì di Júù. Ó kọ̀wé sí wọn pé ara kan ni gbogbo wọn, àti ẹrú àti òmìnira. Bí ojú ti nílò ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n nílò ara wọn. Ó sì pa àṣẹ kan tí ó yé tọmọdé tàgbà: kí wọ́n máa dúró de ara wọn kí wọ́n tó jẹun.

Àṣẹ kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni òṣùwọ̀n ìṣọ̀kan wọn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí, bí a ti ń pé jọ fún àjọ̀dún yìí, ta ni nínú wa tí a kò tíì dúró dè?