Odò Kún Lẹ́yìn Òjò: Ìsinmi Owó Pọ́ọ́kú ní Djerba

Ọjọ́rú ni ọjà Boubon. Ìlú kékeré náà wà létí Odò Ọya, nǹkan bíi kìlómítà 25 sí Niamey béèyàn bá ń lọ sápá òkè odò, ìkòkò sì ni gbogbo èèyàn fi mọ ọjà náà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n ti ń ta aṣọ ní Niamey kí n tó dé ìlú yìí, la jọ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìkòkò omi kan sókè, wọ́n fi oríkèé ìka kàn án, wọ́n dẹ etí sí i. Báyìí náà ni wọ́n ṣe ń yẹ ìkòkò wò ní Dàda, n'Ílọrin. Tó bá dún gooro, kò sán; tí ohùn rẹ̀ bá há, ẹ dá a padà. Eléyìí dún gooro. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún wọn pé tó bá di oṣù kẹwàá, mo fẹ́ lọ fi ọ̀sẹ̀ kan sinmi ní Djerba, erékùṣù kan nínú Òkun Mẹditaréníà, níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò bíi ti Boubon.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìkòkò náà kalẹ̀. "Òkun wo? Ṣé èyí tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ mì yẹn?"

Mi ò tètè rí ọ̀rọ̀ sọ. Ní Niamey, téèyàn bá ti dárúkọ òkun yẹn, ọ̀nà Agadez ló ń wá síni lọ́kàn, àwọn ọkọ̀ tí èrò rọ̀ mọ́ bí oyin, àti àwọn ọmọ tí ìyá wọn ò gbúròó wọn mọ́. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹwàá, ọdún 2013, ọkọ̀ ojú omi kan rì nítòsí erékùṣù Lampedusa, ó sì lé ní 360 èèyàn tó bá a lọ. Oṣù kẹwàá kan náà. Síbẹ̀, òkun yìí kan náà ni tíṣà àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilẹ̀ Yúróòpù ń lọ lọ́dọọdún láti lọ na ẹsẹ̀ wọn. Ó dùn mí pé ẹnu ọ̀nà ikú nìkan la mọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣòwò ní ọjà Wadata tàbí ní Petit Marché ní Niamey, tó fara balẹ̀ tọ́jú owó, tó ní ìwé ìrìnnà àti tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé.

Mi ò sì ṣèèṣì mú oṣù kẹwàá. Ará Niamey ló yẹ kó tètè lóye rẹ̀, nítorí odò wa ti kọ́ wa. Òjò tiwa ń dá bí oṣù kẹsàn-án bá ń lọ sópin. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí ètè ń bó, tí kùrukùru kan ò sí lójú sánmà, ìgbà yẹn gan-an ni odò tún ń kún. Òjò tó ti rọ̀ ní òkè Guinea ló rin ìrìn oṣù púpọ̀, tó tàn ká ilẹ̀ àbàtà Mali, kó tó rọra dé ọ̀dọ̀ wa. Sánmà ti gbàgbé òjò, omi ò tíì gbàgbé. Bí ooru ṣe rí nínú òkun nìyẹn. Oòrùn oṣù keje àti ìkẹjọ ló ń mú un gbóná díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ dà bí agbada, kíá ló ń gbóná, kíá ló ń tutù; òkun dà bí ìkòkò ńlá tí wọ́n ti yọ igi lábẹ́ rẹ̀, tí omi inú rẹ̀ ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí ewé ti ń wọ́ ní Paris, tí wọ́n ti ń wọ ẹ̀wù òtútù, omi etíkun Djerba ṣì tó nǹkan bíi 24°C, ọ̀sán rẹ̀ á tó 27°C. Ní Niamey nígbà náà, a ti ń sún mọ́ 38°C.

Ti owó wá ńkọ́? Àwọn ọmọ Yúróòpù ti wọlé ẹ̀kọ́ láti oṣù kẹsàn-án, àwọn òbí wọn ti padà sẹ́nu iṣẹ́, yàrá sì ṣófo. Oníṣòwò aṣọ ò nílò àlàyé níbí. Iye tí wọ́n ń pe léèsì lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá kọ́ ni wọ́n ń pè é lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Yàrá tilẹ̀ burú ju léèsì lọ: léèsì lè dúró de ọdún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n alẹ́ tí yàrá bá fi wà lófo, ó ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí onílé fi ń gbà kí a ná an.

Erékùṣù pọ̀ nínú òkun náà. Malta dára, Crete dára, ṣùgbọ́n físà Schengen ni ẹ máa gbà. Láti oṣù kẹfà 2024 ni owó rẹ̀ ti di yúrò 90, ìyẹn nǹkan bíi sẹ́fà 59,000, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá sọ pé rárá. Faransé náà sì ti ti ilé aṣojú rẹ̀ ní Niamey pa láti oṣù kìíní 2024. Djerba, ní Tùnísíà, ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Niger tàbí ti Benin kò nílò físà fún àbẹ̀wò kúkúrú. Ẹni tó ń lo ti Nàìjíríà nílò rẹ̀, kó sì tètè bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìṣirò, a tún ní àǹfààní kan tí ará Èkó ò ní. Láti 1999 ni yúrò kan ti jẹ́ sẹ́fà 655.957, kò sì yí padà láti ìgbà náà. Iye tí mo bá kọ sílẹ̀ lóṣù kìíní ni màá bá lóṣù kẹwàá. Ẹ ṣẹ́ sẹ́fà yín sí yúrò kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí sẹ́fà ò rọrùn láti ṣẹ́ níbẹ̀. Òfin ò sì gbà kéèyàn gbé dínárì wọ Tùnísíà tàbí kó gbé e jáde, nítorí náà ẹ máa ṣẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì.

Djerba fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi rí. Ní Houmt Souk, orúkọ tó túmọ̀ sí àdúgbò ọjà, àwọn ilé èrò àtijọ́ kan wà tí wọ́n ti sọ di hòtẹ́ẹ̀lì olówó kékeré. Ẹni tó bá dàgbà sí agboolé á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: àgbàlá láàárín, yàrá yí i ká. Nígbà kan rí, àwọn oníṣòwò ń sùn lókè, ẹrù àti ẹran wọn á wà nísàlẹ̀. Ẹ má lọ sáwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá etíkun. Níbẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ kúrò nílé.

Àwọn ará Djerba gan-an, oníṣòwò ni wọ́n. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù kékeré kún Tunis, wọ́n fi kún Paris, bí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà ṣe fi kún ìlú onílùú. Wọn á kọ́lé sílé, wọn á máa padà wálé lọ́dún. Ní abúlé Guellala, wọ́n ń wa amọ̀ láti inú ihò jíjìn nínú ilẹ̀, ọkùnrin ni amọ̀kòkò níbẹ̀. Apẹja á so irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ mọ́ okùn, á jù ú sómi láìsí ìjẹ. Ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ á rò pé ihò òkúta ni, á wọlé, á sùn. Nígbà tí mo sọ èyí, ẹ̀gbọ́n mi tún wo ìkòkò ọwọ́ wọn.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi pa mọ́. Nínú oṣù kejì 2023, ààrẹ Tùnísíà, Kais Saied, sọ̀rọ̀ líle nípa àwọn aláwọ̀ dúdú tó wọ ìlú náà láìníwèé. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n lu àwọn kan, wọ́n lé àwọn mìíràn jáde nílé. Láti Tunis sí Djerba, mọ́tò tó ń kún kó tó gbéra wà, tí wọ́n ń pè ní louage, owó rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n nǹkan bíi kìlómítà 500 ni. Nítorí ohun tí mo sọ yìí, mo ní kí ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú, wákàtí kan péré. Ẹ má dín owó kù níbẹ̀. Kí ìwé ìrìnnà, ìwé hòtẹ́ẹ̀lì àti tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ wà lára yín níbikíbi tí ẹ bá ń lọ.

Tíkẹ́ẹ̀tì ló máa jẹ owó jù, kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà lọ́sẹ̀ tó máa rìn. Àwa bíi mélòó kan ti dá àjọ, oṣù mẹ́sàn-án gbáko, láti oṣù kìíní tí odò bá kún. Ẹ̀gbọ́n mi ra ìkòkò náà. Nígbà tí a dé Niamey, wọ́n ní kí n kọ orúkọ wọn mọ́ àjọ, ọwọ́ kan.