Àgbà Ṣọ́ọ̀ṣì Kọ́ Ni Àgbà Nínú Ẹ̀mí! Ẹ Gbọ́ Ohun Tí Ojú Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Rí Ní Onitsha

Ní Ìkòyí tó wà lọ́nà Ìkirè àti Àpòmù, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ọjọ́ Ìsinmi kì í ṣe ọjọ́ kékeré fún àwọn àgbà. Àga iwájú ni ti Bàbá Ìjọ. Ìyá Ìjọ náà á wé gèlè, á jókòó sápá kejì, tọmọdé tàgbà á sì kúnlẹ̀ kí wọn. Kò sóhun tó burú níbẹ̀ o. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá mọ́, tí kálukú padà sídìí àtẹ àti máṣìnnì ìránṣọ rẹ̀, kí ló wà lára àwọn àgbà yìí tó yàtọ̀ sí tẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́ lánàá?

Ọdún ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà. "Ogójì ọdún ni mo ti wà nínú ìjọ yìí!" Igbe tí àgbà máa ń ké nìyẹn bí àwọn ọ̀dọ́ inú kọmití bá béèrè owó ìkórè. Ogójì ọdún kì í ṣe ìdáhùn. Ẹni tó bá ń ṣoko kòkó lágbègbè Ìkirè mọ̀ pé igi kòkó náà ń lo ogójì ọdún lóko, ó sì lè má so mọ́. Ìyá tó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, tó tún tẹ ìdí kóńgò wọnú kí gààrí má baà kún un, ewú orí rẹ̀ kò tíì sọ ọ́ dàgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá télọ̀ tó ń jẹ́ díákónì, tí ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti parí ọdún tí wọ́n jọ fọwọ́ sí, tí ọ̀gá ṣì ń dọ́gbọ́n dá fíríídọ̀mù rẹ̀ dúró.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Títù, ní orí kejì, ó bá àwọn àgbà wí dáadáa: kí àwọn ọkùnrin máa ṣe jẹ́jẹ́, kí àwọn obìnrin má ṣòfófó, kí wọ́n má di ẹrú ọtí, kí wọ́n sì máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní rere. Kò sọ̀rọ̀ àga iwájú rárá. Élì ńkọ́? Ẹni ọdún 98 ni nígbà tó kú. Ó mọ̀ pé àwọn ọmọ òun ń jẹ ẹran ẹbọ Ọlọ́run ní ìjẹkújẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló fi kọjá.

Ibi tí àgbà bá ti kọ̀ láti fi nǹkan kékeré sílẹ̀, ìlú lè tú. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, pé ẹjọ́ ataare ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn Ìjẹ̀bú àti àwọn Òwu lọ́jà Àpòmù. Ọjà Àpòmù yìí náà ni o! Kí ó tó tán, Òwu ti pa run.

Ẹlòmíràn á ní, "Mo ti darúgbó, kí ni mo tún fẹ́ kọ́?" Kí ó gbọ́ ti Àfàlá, ìyá Àjàyí Crowther. Lọ́dún 1821 ni àwọn ológun kó tìyá tọmọ ní Òṣogùn. Ìyá lọ ọ̀nà tirẹ̀, ọmọ lọ ọ̀nà tirẹ̀. Ọdún 25 kọjá kí wọ́n tó tún fojú kanra ní Abẹ́òkúta, lóṣù kẹjọ 1846. Ọmọ ti di àlùfáà, ìyá ti di arúgbó. Lọ́dún 1848 ìyá gba ìrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hánà. Ìyá tí kò sọ pé òun ló bí i, kí ló lè kọ́ òun! Ó gbé ọdún 35 nínú ìgbàgbọ́ kí ó tó kú ní 1883.

Ó wá ku ti ọmọ náà. Lóṣù kẹjọ ọdún 1890, kọmití ìnáwó CMS pàdé ní Onitsha. Àjàyí ti lé ní ẹni 80 ọdún. Láti 1864 tí wọ́n ti gbọ́wọ́ lé e lórí ní Canterbury ló ti ń jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi joyè náà. Ta ló wá dojú kọ ọ́? Àwọn ọ̀dọ́ Òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Graham Wilmot Brooke, tó wà nínú ẹgbẹ́ wọn, kò ju ọmọ ọdún 25 lọ. Ì bá ṣọmọọmọ Àjàyí. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ń mutí, wọ́n ń ṣèṣekúṣe, wọ́n ń ṣòwò. Akọ̀wé wọn, F. N. Eden, ní òun láṣẹ láti dá àlùfáà dúró lẹ́nu iṣẹ́, lójú bíṣọ́ọ̀bù!

Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Àjàyí ṣépè. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ akọ̀wé ya òun lẹ́nu, kí wọ́n sì yọ orúkọ òun kúrò nínú kọmití. Kò gbé e mì, kò sì fi jà.

Ká má fi pamọ́ o, ọwọ́ bàbá náà rọ̀ jù. Àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ lóòótọ́, ó sì pẹ́ kí ó tó mú wọn. Ibẹ̀ ló ti fara jọ Élì. Ṣùgbọ́n wọn kò bá ìwà ìbàjẹ́ lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

Inú ń bí àwọn onígbàgbọ́ Èkó nígbà náà. Lọ́dún 1888 àwọn Baptist kan ti dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Ní 1891 ìjọ United Native African bẹ̀rẹ̀. Bí Àjàyí bá jáde, èrò ì bá tẹ̀lé e. Kò jáde. Ohun tó fọwọ́ sí ni pé kí àwọn ìjọ ẹsẹ̀ odò Niger máa bọ́ ara wọn, kí wọ́n máa ṣàkóso ara wọn, kí wọ́n sì wà nínú ìjọ. Ètò yẹn ló di Niger Delta Pastorate ní 1892. Kò fojú rí i, nítorí ó kú ní Èkó lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891. Brooke náà kú ní 1892. Kí ẹnikẹ́ni má pè é lẹ́san. Ibà kò mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò Àjàyí. Lọ́jọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2014, tó pé 150 ọdún tó di bíṣọ́ọ̀bù, Justin Welby, tó jẹ́ olórí ìjọ Áńgílíkà nígbà náà, dúró ní Canterbury, ó ní ó yẹ kí ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọrọ àforíjì. Ọdún 122 ti kọjá tí bàbá ti wà nínú sàréè.