Owó Oúnjẹ Ọ̀sẹ̀ Kan ní Àkókò Ọ̀wọ́n

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ ìkòkò àti àwo ni a mú wá síwájú yín ní àkókò yìí, kò sì sí ilé onígbàgbọ́ kan ní Ìlaròó, ní Ayétòrò tàbí ní Ìdí-Ìrókò tí kò kàn. Àwọn baba wa sọ pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ìyá tí ó ti ọjà dé tí agbọ̀n rẹ̀ kò kún mọ ìtumọ̀ òwe náà ju ẹni tí ó ń ṣe àlàyé rẹ̀ lọ. Ohun méjì ni a fẹ́ fi hàn yín. Èkíní ni pé ẹni tí ó mọ ìwọ̀n oúnjẹ tí ilé rẹ̀ ń jẹ ní ọ̀sẹ̀ lè ṣe àkóso owó rẹ̀ bí ọjà tilẹ̀ gbówó lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ iye owó ọwọ́ rẹ̀ nìkan, ọjà ni yóò máa ṣe àkóso rẹ̀. Èkejì ni pé bí a bá ní láti dín oúnjẹ kù, a kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú àwo ọmọdé.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀wọ́n náà ti wá, kí a má baà di gbogbo ẹ̀bi ru obìnrin tí ó jókòó ti igbá ọjà rẹ̀. Ilẹ̀ Yewa, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di 1995, wà lẹ́bàá ààlà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fi ohùn sí ní 1889. Àdéhùn náà fi Kétu sí apá ti Faransé, ó sì fi Ìlaròó sí apá ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò pín èdè, kò pín ẹbí, bẹ́ẹ̀ ni kò sì pín ọjà. Ọ̀pọ̀ ìrẹsì tí ọkọ̀ òkun já sí Kútọnu ni ó ti gba ọ̀nà wa wọlé, títí ọmọ wa fi gbà pé ìrẹsì òkèèrè ni oúnjẹ ọjọ́ Ìsinmi. Ní 2016 ìjọba àpapọ̀ tún ka kíkó ìrẹsì gba orí ilẹ̀ wọlé léèwọ̀. Ní oṣù kẹjọ 2019 wọ́n ti ààlà pa. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà wọ́n pàṣẹ pé kí a má ṣe gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tí kò ju kìlómítà 20 sí ààlà. A ṣí àwọn ẹnubodè kan ní oṣù kejìlá 2020, ṣùgbọ́n oṣù kẹrin 2022 ni àṣẹ tó jáde pé kí a ṣí ti Ìdí-Ìrókò.

A kò tí ì mí kanlẹ̀ nígbà tí 2023 dé. Ní oṣù karùn-ún ìjọba mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo. Ní oṣù kẹfà a sì fi náírà sílẹ̀ kí ọjà pàápàá máa díwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀wà tí a ń jẹ ní Ìlaròó, láti òkè Ọya ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Nítorí náà bí owó epo bá lọ sókè, inú kóńgò ni a ti ń rí i. Ní oṣù kẹfà 2024, ilé iṣẹ́ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀ sọ pé owó oúnjẹ ti fi ohun tí ó lé díẹ̀ ní 40 nínú 100 ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Èyí ni pé ohun tí a rà ní ₦1,000 di bí ₦1,400 láàárín oṣù méjìlá. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e ni ìjọba sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ di ₦70,000 láti ₦30,000. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀, aránṣọ àti onígbá ọjà kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba.

Àwọn kan lè wí pé, èé ṣe tí ìjọba kò fi àṣẹ dá iye owó lé oúnjẹ? A ti dán an wò rí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti 1941, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Ọ̀gágun Pullen ṣe olórí ètò tí ó dá iye lé gàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn ní Èkó. Iye tí a dá kéré ju ohun tí ó ná àwọn tí ń kó oúnjẹ wá. Nítorí náà oúnjẹ sá kúrò ní ọjà gbangba, ó sì lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ìyá ọlọ́jà, tí Alimọtu Pelewura ṣe aṣáájú wọn, kọ ètò náà. Ní 1945 àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà nítorí ọ̀wọ́n ohun jíjẹ. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé, bí a tilẹ̀ ń gbàdúrà fún àwọn aláṣẹ, tí a sì ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe ojúṣe wọn, iṣẹ́ kan wà tí ilé kọ̀ọ̀kan ní láti ṣe fúnra rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ni ìwọ̀n. Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì wà ní aginjù, olúkúlùkù a máa kó mánà gẹ́gẹ́ bí iye àwọn tí ó wà nínú àgọ́ rẹ̀, òṣùwọ̀n kan fún ẹnì kan. Báyìí ni kí a ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kan pére, kí ìyá ilé mú agolo mílíìkì kan, kí ó máa fi wọn ohun gbogbo kí ó tó dà á sínú ìkòkò: agolo ẹ̀wà mélòó, agolo gàrí mélòó, agolo láfún mélòó, kí ọmọ tí ó mọ̀wé sì máa kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ wa ni ó mọ iye tí a ná ní ọjà ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n a kò mọ iye tí a jẹ.

Ìwé kékeré yìí ni yóò wá ràn wá lọ́wọ́ ní ọjà, nítorí ọ̀wọ́n a máa gba ọ̀nà méjì wọlé. Nígbà mìíràn owó ni ó ń ga. Nígbà mìíràn owó kò yí padà, ṣùgbọ́n a ti lu ìdí kóńgò wọlé, a sì ń bá òfìfo dúnàá dúrà. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Kóńgò ẹ̀wà kan jẹ́ ₦2,500, ó gba agolo 10. Òmíràn jẹ́ ₦2,200, ṣùgbọ́n agolo 8 ni ó gbà. Ojú a máa sáré sí ₦2,200. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pín in yóò rí i pé agolo kan nínú ti àkọ́kọ́ jẹ́ ₦250, ti èkejì sì jẹ́ ₦275. Ilé tí ń jẹ agolo ẹ̀wà 20 ní ọ̀sẹ̀ yóò pàdánù ₦500 ní ọ̀sẹ̀ kan, ₦26,000 ní ọdún kan, lórí ohun tí ó pè ní ọ̀pọ̀.

Lẹ́yìn ìwọ̀n ni pípín. Kí a pín owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ sí ọ̀nà 10 kí a tó jáde nílé. Kí ọ̀nà 3 jẹ́ ti ohun tí ń mú ara dàgbà: ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, ẹ̀pà. Kí 3 jẹ́ ti gàrí, láfún, àgbàdo àti iṣu. Kí 2 jẹ́ ti ata, epo, iyọ̀, irú àti ẹ̀fọ́. Kí 1 jẹ́ ti ohun ìdáná, ọlọ àti owó ọkọ̀. Kí a sì fi 1 tó kù pamọ́ de ìgbà tí ohun kan bá pọ̀ lójú ọjà. Bí owó náà bá jẹ́ ₦20,000, yóò jẹ́ ₦6,000, ₦6,000, ₦4,000, ₦2,000 àti ₦2,000. Ilé kọ̀ọ̀kan lè yí i padà bí ipò rẹ̀ ti rí, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fọwọ́ kan ọ̀nà 3 ti àkọ́kọ́ àfi bí kò bá sí ọgbọ́n mìíràn mọ́.

Ibí yìí gan-an ni a ti ń ṣe àṣìṣe jù. Bí owó kò bá tó, ẹja àti ẹ̀wà ni a kọ́kọ́ ń yọ kúrò, nítorí òkèlè lè kún ikùn láìsí wọn, nítorí a kò sì fẹ́ kí àlejò bá wa láìsí ìrẹsì ní ọjọ́ Ìsinmi. Ikùn ọmọ kún, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò rí ohun tí yóò fi dàgbà. Ní 1933 Dókítà Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gánà, kọ nípa àwọn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú, tí a sì ń fi ẹ̀kọ àgbàdo nìkan bọ́: ẹsẹ̀ wọn wú, irun wọn pọ́n, awọ ara wọn ń bó. Ní 1935 ó fi orúkọ tí àwọn Gáà ń pe àrùn náà hàn fún ayé, èyíinì ni kwashiorkor, àrùn ọmọ tí àbúrò lé kúrò ní ọmú. Ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100 ní ju 20 lọ nínú èròjà tí ń mú ara dàgbà. Láfún kò ní tó 3. Bí a bá fi ìrẹsì òkèèrè sílẹ̀, ohun tí a pàdánù ni iyì lójú àlejò. Bí a bá fi ẹ̀wà sílẹ̀, ọmọ ni a fi ṣe ìrúbọ.

Láfún jẹ́ oúnjẹ wa, a kò sì gbọdọ̀ tijú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀wọ́n má ṣe mú wa kánjú lórí rẹ̀. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́, pàápàá èyí tí ó korò, rírẹ rẹ̀ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin àti sísá rẹ̀ kí ó gbẹ dáadáa ni ó ń lé e lọ. Ní 1981, ní agbègbè Nampula ní ilẹ̀ Mozambique, ọ̀dá mú kí àwọn ènìyàn máa jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò tí wọn kò ṣe dáadáa, láìsí ẹ̀wà tàbí ẹja tó láti bá a rìn. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn rọ; ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé. Bákan náà ni kí a má ṣe ra àgbàdo tàbí ẹ̀pà tí ó ti bu nítorí pé ó pọ̀ lówó. Májèlé tí ó wà nínú bíbu náà a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná kì í sì pa á tán.

Owó tí a fi pamọ́ ńkọ́? Jósẹ́fù kó ọkà jọ ní Íjíbítì ní ọdún ọ̀pọ̀. Kò dúró de ọdún ìyàn. Àwa náà mọ ìgbà ohun gbogbo: ẹ̀wà tuntun a máa dé láti òkè Ọya ní ìparí ọdún, tòmátì a máa pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sì máa wọ́n nígbà òjò. Bí ìyá márùn-ún nínú ẹgbẹ́ ìjọ bá da owó pọ̀ bí a ti ń dá èésú, wọ́n lè ra àpò ẹ̀wà kan ní ìgbà tí ó pọ̀, kí wọ́n fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo pín in lójú ara wọn. Kí olúkúlùkù dà á sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ, kí ó kún dé ẹnu, kí a sì dé e pinpin. Kòkòrò tí kò rí afẹ́fẹ́ yóò kú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da oògùn apakòkòrò sí ohun tí a óò jẹ.

A ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn baba ilé. Ọkọ tí ó ń fún aya rẹ̀ ní iye tí ó ń fún un ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí ó sì ń bínú pé ẹran kò sí nínú ọbẹ̀, kò tí ì mọ ilé ara rẹ̀. Kí tọkọtaya jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀, kí wọ́n ṣí ìwé náà, kí ọkọ sọ ohun tí ó wọlé, kí aya sọ ohun tí ó jáde. Kí ọkọ pẹ̀lú lọ sí ọjà lẹ́ẹ̀kan ní oṣù. Bí ó bá sì pọn dandan pé kí a dín nǹkan kù, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú àwo tirẹ̀. Àṣà wa ni pé ẹja ńlá jẹ́ ti baba. Ṣùgbọ́n ní ọdún ọ̀wọ́n, baba tí ó pín ẹja náà fún àwọn ọmọ kò dín kù ní baba.