Àtọ̀gbẹ àti Ìpẹtà inú Ara

Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé ọkọ́ tí a bá gbàgbé sínú òjò, ìpẹtà yóò jẹ ẹ́. Ohun tí ó jọ èyí a máa ṣẹlẹ̀ nínú ara. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí ni ara fi ń dáná sí oúnjẹ kí a lè ní agbára. Iná náà a sì máa ta ìpẹ́pẹ́. Ara tí ó le ní ohun tí ó fi ń pa á. Ṣùgbọ́n lára ẹni tí àtọ̀gbẹ irú kejì ń bá jà, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù, ìpẹ́pẹ́ iná a sì pọ̀ ju èyí tí ara lè pa lọ. Òun ni ó ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ jẹ́ ní ojú, ní kíndìnrín àti ní ẹsẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí à ń pè ní yúríìkì ásíìdì. Carl Scheele ni ó rí i nínú òkúta inú ìtọ̀ ní 1776. Inú ẹran tí a ń jẹ àti inú ara wa fúnra rẹ̀ ni ó ti ń wá, kíndìnrín ni ó sì ń da púpọ̀ rẹ̀ nù. Nínú àtọ̀gbẹ irú kejì, ínsúlínì kì í ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí náà ara a máa ṣe é ní àṣejù. Àpọ̀jù yìí a sì mú kí kíndìnrín dá ásíìdì náà dúró. Bí ó bá pọ̀, a lè dì bí iyọ̀ sí oríkèé, pàápàá ti àtàǹpàkò ẹsẹ̀, tàbí kí ó di òkúta nínú kíndìnrín.

Ásíìdì yìí ní ojú méjì. Nínú ẹ̀jẹ̀, a máa bá wa pa ìpẹ́pẹ́ iná. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹran ara, a máa dá kún un. Ọ̀rẹ́ ni ní ìta, ọ̀tá ni nínú ilé. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sáré ra oògùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní 2020, ìwádìí ńlá méjì fi hàn pé oògùn allopurinol dín ásíìdì náà kù, ṣùgbọ́n kò dá ìbàjẹ́ kíndìnrín dúró. Ẹni tí oríkèé ń dùn, dókítà ni yóò sọ bí oògùn náà bá yẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má yọ̀ jù bí ásíìdì náà bá kéré: nígbà tí ṣúgà bá ga gidigidi, ìtọ̀ a máa gbé e lọ.

Nítorí náà, ẹ kíyè sí ìwọ̀nyí:

1. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín láìdẹ́kun, tí ẹ ń tọ̀ ní òru, tí ẹ ń rù, tàbí tí èèrà ń ṣù bo ìtọ̀ yín, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ṣúgà bá tó 126 ní òwúrọ̀ kí a tó jẹun, tí a sì rí i bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àtọ̀gbẹ ni.
2. Ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ, kí ó máa yẹ ìfúnpá, ojú, àti ìtọ̀ wò lọ́dọọdún, nítorí kíndìnrín kì í ké nígbà tí ó bá ń bàjẹ́.
3. Ẹ dín ọtí bíà, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹran kù. Ẹ má ṣá ẹ̀wà tì.
4. Ẹ wọ bàtà lọ sí oko, kí ẹ sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò ní alẹ́.
5. Ẹ má dá oògùn dúró nítorí pé ara yá.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba nítòsí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ ìwòsàn tí Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ ní 1907 ni ó di ilé ìwòsàn Yunifásítì Bowen lónìí. Ti LAUTECH sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkọ́ tí a nù ní alẹ́ ni a ń bá ní mímú ní òwúrọ̀.